Ta Ni Yóò Lóṣòó Síwájú Ilé Yín?

Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, mo wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Iléṣà. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, mò ń bá wọn ká àǹkárá, làwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan bá wọlé. Wọ́n kúnlẹ̀ kí màmá mi, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ káàbọ̀." Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò kánsù, èyí tó ń sọ èèyàn di nọ́ọ̀sì, ni, ayọ̀ ẹ̀ ṣì wà lójú wọn. Mi ò tíì rí bẹ́ǹṣì fún wọn tí èyí tó dàgbà jù fi béèrè ohun tó gbé wọn wá: "Àǹtí, ejẹ́ńtì wo lẹ lò tẹ́ ẹ fi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, torí owó àjọ wọn wà nínú ohun tí ejẹ́ńtì gbà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo kọ síbí, àti ìyókù tí àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí n sọ tán.

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo mọ bó ṣe ń rí. Ẹ dé láti ṣífíìtì alẹ́, ẹsẹ̀ yín wú, ẹ ṣí WhatsApp, ẹ sì rí ẹni tí ẹ jọ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà, ó kó báàgì méjì síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Òun náà ti jápa. Bí èmi náà ṣe dé ọ́fíìsì ejẹ́ńtì nìyẹn, ní Ilé-Ifẹ̀, lọ́dún 2021. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan wà lórí tábìlì, wọ́n sì gbé omi inú ike fún mi. Omi yẹn tutù débi pé mo gbà wọ́n gbọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má dààmú ara yín, ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún wa." Ká ní mo gbọ́n lọ́jọ́ náà ni, gbólóhùn yẹn gan-an ni ì bá lé mi jáde.

Ó bá mi ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìmeèlì tó fi ṣí i kì í ṣe tèmi. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣẹ̀dá ẹ̀ lórúkọ mi. Ó wá fa ìwé gígùn aláwọ̀ búlúù kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó kọ ọ́ sí i. Mo yọjú wò ó. Orúkọ nọ́ọ̀sì tò lápá òsì láti òkè délẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù wà lápá ọ̀tún, gbogbo páásíwọ́ọ̀dù ló sì fi 123 parí. Mo rí orúkọ méjì tí mo mọ̀ níbẹ̀. Dípò kẹ́rù bà mí, ṣe lọkàn mi balẹ̀. Mo ní ṣebí èmi nìkan kọ́.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Tí mo bá pè, wọ́n á ní wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó ń yẹ nǹkan kan wò. NMC ti kọ̀wé pé kí n fi ìwé kan kún un, àmọ́ inú ìmeèlì tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí ni lẹ́tà wọn bọ́ sí. Nígbà tí mo ní kí wọ́n fún mi ní páásíwọ́ọ̀dù mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá san owó ìtúsílẹ̀, bí ẹni pé àtìmọ́lé ni mo wà. Mo padà kọ̀wé sí NMC fúnra mi, mo fi àwòrán pásípọ́ọ̀tù mi ránṣẹ́, wọ́n bi mí ní ìbéèrè sọ́tùn-ún sósì, ó tó oṣù mẹ́rin kí àkáǹtì tó bọ́ sọ́wọ́ mi.

Nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ mi tán lojú wá tì mí, torí pé fọ́ọ̀mù náà ò le. Ẹni tó bá ti kọ ìròyìn aláìsàn sílẹ̀ rí ní aago mẹ́ta òru, tí mátrọ́ọ̀nù ò sì dá a padà láàárọ̀, á kún un. Lọ́dún 2022 tí mo ṣe é, £140 ni wọ́n gbà láti yẹ ìwé mi wò, £83 ni ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, £794 ni OSCE, ìdánwò ọwọ́ tí wọ́n ń ṣe fún èèyàn lẹ́yìn tó bá ti dé ọ̀hún, £153 sì ni ìforúkọsílẹ̀. Ẹ ro ó pọ̀: £1,170. Ilé ìwòsàn tó gbà mí ló san ti OSCE. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ IELTS lẹ fẹ́ ṣe, 7 ni wọ́n ń fẹ́ nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ. Ẹ wá bá mi wo ibi tí iṣẹ́ ejẹ́ńtì wà nínú gbogbo èyí. Títẹ̀ ni. Ọmọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà á bá yín tẹ̀ ẹ́ lówó pọ́ọ́kú, á sì jẹ́ kẹ́ ẹ fúnra yín yan páásíwọ́ọ̀dù.

Àwọn kan tún máa ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àwọn lè bá yín ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023. NMC kéde pé èsì tó ń jáde láti ibùdó ìdánwò kan ní Ìbàdàn kò dá àwọn lójú, torí ìṣẹ́jú tí àwọn kan fi parí ìdánwò kéré débi tí ò ṣeé gbà gbọ́. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ti jókòó níbẹ̀ tún un ṣe, olóòótọ́ àti aláìṣòótọ́. Àwọn kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n ti gbọmọ dé, ni lẹ́tà bá wọlé. Olóòótọ́ tó wà láàárín wọn ló máa ń dùn mí jù.

Mi ò ní gbogbo ejẹ́ńtì ni gbájúẹ̀ o. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gidi wà, ilé ìwòsàn tó ń wá nọ́ọ̀sì ló sì ń sanwó fún wọn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí ejẹ́ńtì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èèyàn torí pé ó bá a wáṣẹ́. Ìdí ẹ̀ ò jìnnà. Ẹni tó ń sanwó fún un ló ń ṣiṣẹ́ fún. Tẹ́ ẹ bá ti san gbogbo owó ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí nìyẹn, bẹ́ ẹ dé ọ̀hún bẹ́ ẹ ò dé.

Ohun mìíràn tún wà tí wọn kì í fi sínú ìwé ìpolówó wọn. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé to orúkọ orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera ń yọ lẹ́nu jù, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá ṣọdẹ òṣìṣẹ́ ìlera ní irú àwọn orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀yin fúnra yín bá rí ìpolówó iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ sì kọ̀wé, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí èmi ṣe ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé báńà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé òun ń kó nọ́ọ̀sì lọ sílé ìwòsàn ìjọba lọ́hùn-ún, ẹ bi í pé ta ló rán an. Ẹ tún ní kó fi ìwé àṣẹ ìgbanisíṣẹ́ tó gbà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ hàn yín. Tó bá gbaná jẹ, ẹ gbé báàgì yín.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ gbọ́ nìyí. Ìjẹ̀ṣà ni wá, kò yẹ kí wọ́n máa kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ àwìn. Bàbá tó bí màmá mi ṣe òṣómàáló. Wọ́n ń ru aṣọ lọ sílùú tí wọn ò ti mọ ẹnì kankan, wọ́n ń tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á padà lọ lóṣòó síwájú ilé ẹni tó jẹ wọ́n, wọn ò ní jókòó, wọn ò ní gba omi, títí owó á fi jáde. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Màmá mi ní títí bàbá àwọn fi kú, àwọn ò rí i kí wọ́n ra ohunkóhun láwìn. Wọ́n mọ bí ìlóṣòó ṣe ń rí.

Àdéhùn iṣẹ́ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín láti òkè òkun, àwìn ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, owó ìdánwò, ilé oṣù àkọ́kọ́, gbogbo ohun tẹ́ ẹ rò pé wọ́n fi ta yín lọ́rẹ ló wà nínú ìwé yẹn pẹ̀lú iye ẹ̀. Tèmi jẹ́ ojú ìwé mẹ́rìnlá. Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i lórí fóònù nígbà tí àbúrò bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Iná ò sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n mú tọ́ọ̀ṣì dání, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń máàkì àròkọ. Ojú ìwé kẹsàn-án ni ìka wọn ti dúró. Ó wà níbẹ̀ pé tí mo bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọdún méjì tó pé, màá dá owó náà padà.

Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé àwọn ló lé ẹ ńkọ́?"

Mi ò tíì rò ó débẹ̀ rárá.

Wọ́n ní, "Tó bá ku oṣù kan péré kí ọdún méjì pé ńkọ́, ṣé gbogbo ẹ̀ náà lo máa san?"

Mo kọ ìbéèrè méjèèjì ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkàn mi ń lù kìkì, mo rò pé wọ́n á ní mo ti ń ṣagídí kí n tó débẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n fèsì pé tí àwọn bá lé mi, mi ò ní san nǹkan kan, pé owó náà á sì máa dínkù ní oṣoṣù. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn, wọ́n kọ ọ́. Nígbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀ ló ní kí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ máa dínkù bí àkókò ṣe ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ò béèrè. Ọwọ́ ejẹ́ńtì ni ìwé tiẹ̀ wà, ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n fi hàn án, níbi tó máa fọwọ́ sí. Nígbà tí ibi iṣẹ́ náà sú u ní oṣù kẹfà, gbèsè ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí i. Ó pè mí lóru, ó ń sunkún. Ó lé lọ́dún kan kó tó san án tán. Wọn ò wá lóṣòó síwájú ilé ẹ̀ lóòótọ́; inú owó oṣù ẹ̀ ni wọ́n lóṣòó sí.

Ìyókù ò gùn. CoS, ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ yín fún físà, kì í ṣe ọjà. Ẹni tó bá ń tà á fún yín, olè ni. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé orúkọ gbogbo agbanisíṣẹ́ tó láṣẹ láti fún èèyàn ní CoS sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni wíwò ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á kọ́kọ́ fi físà olùtọ́jú arúgbó mú yín wọlé kẹ́ ẹ tó yí i padà sí ti nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún un pé láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Owó oṣù tí ejẹ́ńtì ń kà fún yín, ti nọ́ọ̀sì tó ti forúkọ sílẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ tó yege OSCE, ipò ìsàlẹ̀ lẹ máa wà, owó ìsàlẹ̀ sì ni. Èmi tí mo ti gbẹ̀bí fún ìyá tí mi ò lè ka iye wọn mọ́, tíì ni mo kọ́kọ́ ń pín kiri wọ́ọ̀dù.

Ní ti òfin ọdún méjì, mo mọ̀ pé ó ń dùn yín. Ní oṣù Kejì 2024 ni kánsù àwa nọ́ọ̀sì ní Àbújá gbé e jáde pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí sí ìwé òun fún àjọ òkè òkun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì wọ́de ní Àbújá àti Èkó. Èrò tèmi ni pé ká ní wọ́n ń sanwó tó gbádùn mọ́ni ni, wọn ò ní nílò okùn tí wọ́n fi ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ má fowó fún ejẹ́ńtì tó ní òun mọ ẹnì kan ní Àbújá. Ní íńtávíù mi, wọ́n ní kí n sọ nípa aláìsàn kan tí ara ẹ̀ ń burú sí i lójú mi. Mo sọ nípa ọmọ kan tí gìrì mú, tí wọ́n ti fi epo kùn lára kí wọ́n tó gbé e dé, aago méjì òru, iná ò sí, mo fi eyín há fóònù mi kí n lè fi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ wá iṣan. Obìnrin òyìnbó náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìbéèrè tó kù ò pọn dandan mọ́. Ejẹ́ńtì kankan ò lè bá mi kọ ìyẹn sínú fọ́ọ̀mù.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó yá ló ní òun ti fún ẹnì kan lówó díẹ̀, pé wọ́n ti bá òun ṣí ìmeèlì. Mo ní kó mú fóònù ẹ̀ wá. A jókòó sórí báńdù àǹkárá, a tẹ ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá èèyàn ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí, ó ń yí. Ó wá kọ ọ́ síwájú wa pé àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó fi 47 parí.

Ọmọ náà wo fóònù, ó wo mi. Ó ní, "Àǹtí, 08 ni tèmi fi parí."