Má bà mí lórin jẹ́

Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l’Abẹ́òkúta, ni mo wà lánàá, mò ń fi fóònù ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí mo fẹ́ lò fún àwòrán iwájú orin tuntun tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbé jáde. Rédíò kékeré onímẹ́mọ́rì wà lórí àpótí nínú ìsọ̀ ìyá aláàdìrẹ, àpàlà àtijọ́ ló ń kọ.

Kí agídìgbo tó wọlé, mo gbọ́ ‘ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀’. Ìró abẹ́rẹ́ giramafóònù lórí àwo ni! Ẹnìkan ló gba orin yẹn látara àwo láìnu eruku rẹ̀, orin náà sì ń há níbì kan. Iṣẹ́ MP3 (irú fáìlì orin kan) tí àwọn ará Jámánì ṣe ni kó yọ ohun tí etí wa ò ní fura sí kúrò, kí fáìlì lè kéré. Abẹ́rẹ́ ò bá a lọ ṣá.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín wá èyí tó mọ́.”

Wọ́n wò mí tòkè tilẹ̀. “Má bà mí lórin jẹ́ o. Ibi tó ti ń há yẹn gan-an ló dùn.”

Ọmọ iṣẹ́ wọn ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Nígbà tí orin há, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Orin tún ń lọ, ìyẹ́ náà ń lọ. Kò dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. (Ilà rẹ̀ gún ju èyí tí mò ń fi kọ̀ǹpútà fà lọ, ẹ má sọ fún un.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní orin àtijọ́ lórí fóònù, ṣé tiyín náà ń há? Ibo ló ti ń há?