Bí ikùn bá wú lẹ́yìn jàǹbá, ẹ má wọ́ ọ

Awọ ikùn mi ò ya rárá lọ́jọ́ tí mo ṣubú lórí ọ̀kadà. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Irin ọwọ́ ọ̀kadà ló gún mi ní ẹ̀gbẹ́ ikùn lápá òsì, ojú ibẹ̀ dúdú, ó sì wú bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Gbogbo ilé ní ẹ̀jẹ̀ ló dì. Odidi ọjọ́ 3 ni a fi ń fi omi gbígbóná jó o, tí a ń fi òrí wọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Màmá mi ló kọ́kọ́ fura. Wọ́n ní, “Àkànní, tó o bá dùbúlẹ̀, ó ń wọlé. Tó o bá wúkọ́, á tún yọ. Ẹ̀jẹ̀ tó dì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.” Òótọ́ ni. Ìfun ló ń gba ibẹ̀ yọ. Họ́níà ni, ìpá tí jàǹbá fà. Awọ a máa nà, kì í tètè ya. Iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò lè nà tó bẹ́ẹ̀, òun ló ya tó sì dá ihò sílẹ̀.

Dókítà ní kí n dìde dúró kí n wúkọ́, ó fọwọ́ lé e, ó wá ní kí n lọ ṣe CT scan, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà nínú ara. Mo ráhùn nítorí owó, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti rí bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó, tí wọ́n sì mọ̀ pé ìfun mi ò lu. Ohun tó lágbára débi tó fi fa iṣan ya lè ba ìfun jẹ́ pẹ̀lú.

Wọ́n dá ìfun padà, wọ́n rán iṣan pọ̀, wọ́n tẹ́ àwọ̀n sí i kó má baà tún ya. Ká ní ìfun ti lu ni, tí ìdọ̀tí ti tú sínú ikùn, dókítà ní àwọ̀n lè kó àrùn, òwú nìkan ni wọn ì bá fi rán an.

Ọ̀sẹ̀ 8 ni mi ò fi gbé nǹkan wúwo. Ó nira fún mi, bíríkìlà ni mí.

Bí ibi tó wú bá le gbagidi tí kò wọlé mọ́, tó ń dunni gan-an, tí èébì ń gbéni, tí èèyàn ò lè sò, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ má jẹ, ẹ má mu ohunkóhun lọ́nà ọsibítù, torí wọ́n lè gbé yín wọ yàrá iṣẹ́ abẹ bí ẹ bá ṣe ń dé.