Kí ẹlẹ́kítíróòdù tó kan sẹ́ẹ̀lì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára ìgbín òkun

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ láàbù, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yíyọ nẹ́úrọ́ọ̀nù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń fi iná gbé ìròyìn nínú ara, láti wọn iná rẹ̀, ẹ̀rọ ni mo máa ń dá lẹ́bi bí iná sẹ́ẹ̀lì kò bá hàn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ló ti pa sẹ́ẹ̀lì náà kí n tó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ.

Nǹkan bí 20,000 nẹ́úrọ́ọ̀nù ni Aplysia, ìgbín òkun tí mo ń lò, ní, àwọn míì sì tóbi débi pé ojú lásán rí wọn. Èyí tí a ń pè ní R2 lè fẹ̀ tó mìlímítà 1. Títóbi yẹn máa ń tan èèyàn, a ó rò pé yíyọ rẹ̀ kò ní ṣòro.

Ẹ kọ́kọ́ fi magnesium chloride gún ẹran náà lábẹ́rẹ́, kí ẹ sì dúró títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi dẹ̀. Ẹlẹ́mìí ni, ẹ má fi abẹ kàn án ṣáájú ìgbà yẹn.

Lára awọ tó bo ganglion, ìyẹn ìdì tí àwọn nẹ́úrọ́ọ̀nù kóra jọ sí, ni iṣẹ́ wà. Mo máa ń rẹ ẹ́ sínú protease, èròjà tó ń tú purotéènì ká, mg 10 nínú mL kan, ní nǹkan bí 34°C, fún bíi wákàtí 2. Ẹ má gba aago gbọ́ ju ojú yín lọ. Mo máa ń fi ṣóńṣó ẹ̀mú kan awọ náà lábẹ́ maikirosíkóòpù: bó bá ń fà bíi rọ́bà, mo dá a padà. Bó bá ń ya wẹ́rẹ́ bíi bébà tó ti rẹ, ó tó. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń jábọ́ fúnra wọn, a ti pẹ́ jù, wọn kì í sábà yè.

Bí ẹ bá ń yọ sẹ́ẹ̀lì, ẹ ti gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa gbé e díẹ̀díẹ̀, kí ìrù rẹ̀ (axon, okùn tó gùn jáde lára sẹ́ẹ̀lì) lè tẹ̀lé e. Bí ìrù yẹn bá já nídìí, ihò ńlá ló máa kù sára rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó kan ojú omi láé: bó bá kan afẹ́fẹ́, ó bẹ́ nìyẹn. Mo ti pàdánù iṣẹ́ odindi òwúrọ̀ kan báyìí, níṣojú mi.

Àwo tí a fi poly-lysine, èròjà tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ àwo, pa ni kó balẹ̀ sí. Ẹ má ṣí àwo náà nípò títí di ọjọ́ kejì, ẹ jọ̀ọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe gbogbo èyí láìkánjú, mo ti ẹlẹ́kítíróòdù, abẹ́rẹ́ gíláàsì tó ń wọn iná sẹ́ẹ̀lì, tí omi iyọ̀ KCl (3 M) wà nínú rẹ̀ bọ sẹ́ẹ̀lì kan. Iná rẹ̀ bọ́ sí −20 mV (mìlífólítì) péré, bíi ti sẹ́ẹ̀lì tó ti fara pa, ọkàn mi já. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, awọ sẹ́ẹ̀lì náà dì mọ́ gíláàsì, iná rẹ̀ rọra lọ sí −50, ó sì dúró síbẹ̀.