Àpò tòmátì mẹ́fà: ìdí ṣì ń dúdú

Iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Kí n tètè sọ èyí tó dùn: ewédú ti hù. Mo di irúgbìn rẹ̀ sínú àkísà, mo rì í bọ omi híhó, mo ka oókan dé ẹẹ́wàá, mo yọ ọ́, mo sá a, mo gbìn ín. Ọjọ́ kẹrin ló yọrí. Tẹ̀tẹ̀ ti wọ ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku tòmátì tí mo gbìn sínú àpò mẹ́fà.

Nígbà tí ìdí èso rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, mo ní kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Mo gún ewé dógóyárò, mo sẹ́ ẹ, mo ń fín in fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ òfo ni! Láàárọ̀ yìí mo la ọ̀kan sí méjì: ibi tó dúdú tẹ́ pẹrẹsẹ, ó yi bí awọ, kò sí ihò, kò sí ìdin, òkè rẹ̀ ṣì pupa dáadáa. Kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú ara èso le, ni kò dé ìdí èso.

Mo ti kó èèpo ẹyin sódó, mo ti ń gún un, kí n tó rántí pé èèpo ẹyin kì í tètè jẹrà, àti pé omi ló ń gbé kálísíọ̀mù dé inú èso. Ṣé omi ni kò tó ni? Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín, mo sì ń rí i tó ń ṣàn jáde nísàlẹ̀ àpò. Mo bá fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ àpò kan (àpò ìrẹsì tí mo rà ní Bódìjà ni gbogbo wọn). Háà! Àárín rẹ̀ gbẹ bí èlùbọ́. Iyẹ̀pẹ̀ ti sún kúrò lára àpò, àlàfo tó gba ìka wà yípo, ibẹ̀ lomi ń gbà sáré lọ sílẹ̀. Gbòǹgbò ò tọ́ ọ wò.

Ìgbẹ́ adìẹ tí mo fi ṣe ajílẹ̀ náà lọ́wọ́ sí i. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ti jẹrà tán. Mo tú àpò ìgbẹ́ ọ̀hún, òórùn rẹ̀ ta mí nímú, mo sì tún lò ó. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ewé tutù yọ̀yọ̀, èso ń jìyà. Èyí tó kù, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo kó o lọ.

Mo ti fẹ́ fa gbogbo rẹ̀ tu, àfi bí mo ṣe rí i pé mẹ́rin ṣì ń yọ òdòdó. Mo fi igi tú iyẹ̀pẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpò, mo da koríko gbígbẹ bò ó. Mo gé ìdí ike omi kúrò, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò mẹ́ta sí ìdérí rẹ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, mo rọmi kún un.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó báyìí. Omi ti tán pátápátá, kí n tó kọ̀wé dé ìhín! Ihò kan ṣoṣo ló yẹ. Mò ń wá ìdérí mìíràn.

Àwọn tó ti dúdú, mo gé ìdí wọn nù, ìyókù ti bá ata lọ.