Àwọn ilé àtijọ́ Ìbàdàn tọ́ sí ààbò òfin

Nígbàkígbà tí mo bá gun òkè Màpó, mo máa ń dúró wo àwọn òpó ràbàtà tó gbé iwájú Gbọ̀ngàn Màpó ró láti ọdún 1929 tí wọ́n ti ṣí i. Gbogbo ènìyàn ló mọ iyì ilé yìí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe mọ Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Ààrẹ ní ọdún 1936.

Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí àwọn baba wa fi owó kòkó kọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí. A wó ti agboolé wa kí a lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn rẹ̀ tí wọ́n fín ọnà sí lára sì di igi ìdáná.

Òfin 77 ti ọdún 1979 fàyè gba ìjọba àpapọ̀ láti kéde ilé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ lẹ́yìn náà ti rú òfin. Ṣùgbọ́n kí ìkéde tó wáyé, ó yẹ kí a ya àwòrán àwọn ilé náà, kí a sì bá àwọn mọ́gàjí, ìyẹn àwọn olórí agboolé, jókòó, nítorí ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ti àdúgbò wa.