Ẹ̀rọ Tí Kì Í Pariwo

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ de ẹ̀rọ oníná mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi kékeré tí mo fi ń gbafẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ni mo pè pé kí ó wá wò ó, nítorí òun ni ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ tí kò bá mu bẹntiróòlù, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Mo ti ṣàlàyé fún un títí ẹnu fi ń ro mí: agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,000, bátìrì rẹ̀ sì gba wáàtì-wákàtí 915, ìyẹn ni pé ó lè pèsè wáàtì 915 fún wákàtí kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá rọra ń lọ lè wà lórí omi fún wákàtí púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fún un ní iná dópin kò ní lò ó tó wákàtí kan.

“Bùrọ̀dá, ẹ kò ní gbọ́ ariwo kankan.”

Mo fi òòfà kékeré tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i sí àyè rẹ̀, mo so okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, mo sì yí ọwọ́ ìdarí. N kò gbọ́ nǹkan kan. Etí mi tí ariwo ẹ̀rọ elépo ti bàjẹ́ láti ọdún pípẹ́ dájọ́ pé kò ṣiṣẹ́. Mo yọ òòfà náà, mo fi ẹ̀wù nù ún bí ẹni pé ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, mo dá a padà, mo sì yí ọwọ́ ìdarí dópin. Ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Omi ń hó yaya lẹ́yìn wa, mo sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó jọ pé ẹja ni ó ń ṣeré níbẹ̀. Ó wo omi, ó wo mí, kò sì sọ̀rọ̀.

Ó tó ìṣẹ́jú 25 tí mo fi ń tú wáyà, tí mo ń so ó padà, kí ó tó rọra bi mí pé: “Àbúrò, okùn tí ó so wá mọ́ èbúté yìí, ṣé ẹ̀rọ tuntun náà ni yóò tú u?”

Ìtìjú kò jẹ́ kí n rántí pé ọwọ́ ìdarí ṣì wà ní òpin. Bí mo ti tú okùn náà báyìí, ọkọ̀ ta síwájú, ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní ìdúró bá ara rẹ̀ ní ìjókòó, fìlà rẹ̀ sì wọ omi lọ.

Lẹ́yìn èyí, a gbádùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń rìn tàbí wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Iná tí ó jẹ ní èbúté, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Láàárín omi ni bátìrì ti tán, èmi kò tilẹ̀ tètè mọ̀, nítorí bí ó ti dákẹ́ nígbà tí ó wà láàyè náà ni ó dákẹ́ nígbà tí ó kú.

Ẹ̀gbọ́n mi fa àjẹ̀ yọ lábẹ́ ìjókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀. Nígbà tí a sún mọ́ etí omi, ó bojú wẹ̀yìn.

“Ṣé o rí i, èyí náà kì í pariwo.”