Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Sọ Mí Di Òṣèré ní Hyderabad

Kẹ̀kẹ́ ológeere tí mò ń gùn ní Hyderabad, ní ilẹ̀ India, àlòkù ni. Ọmọ ilẹ̀ Sudan kan tó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló tà á fún mi, ó sì búra pé kò sí ohun tó ṣe é. Kò parọ́, àfi ti ṣéènì rẹ̀ tó máa ń yọ nígbà tó bá wù ú. Kì í yọ ní kọ̀rọ̀ o. Ó di ibi tí èrò bá pé sí kó tó rántí pé ó ti rẹ òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mò ń ti ọjà bọ̀, mò ń lọ sílé ní Tarnaka, nítòsí Yunifásítì Osmania. Mo fi ọ̀rá tòmátì kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe dé iwájú ilé tíì Irani kan, irú èyí tí tàgbà tèwe máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa rẹ bísíkí Osmania sínú tíì tó ki bí ògì, ṣéènì já. Kò yọ lọ́jọ́ yìí, ó já. Kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi, èmi ò dúró.

Ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà bọ̀ lẹ́yìn mi tẹ bíréèkì, díẹ̀ ló kù kó gun tòmátì mi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Telugu, èdè wọn níbẹ̀, sọ̀rọ̀ sí mi. Mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èébú kì í nílò ògbufọ̀. Mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́, mo lóṣòó tì kẹ̀kẹ́, mo ń gbìyànjú láti yọ ṣéènì tó ti há mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi. Mo fà á, kò wá. Mo tún fà á tagbáratagbára, gbogbo rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú gíríìsì. Kó má baà kan tòmátì, mo wé e mọ́ ìkúùkù ọ̀tún mi, mo wá dìde nàró kí n lè sọ fún ọlọ́kadà pé kó máà bínú.

Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi. Ẹnu rẹ̀ wọlẹ̀. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó tẹrí ba, ó fẹ̀yìn rìn dé ìdí ọ̀kadà rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ni ariwo bá sọ nílé tíì. Súfèé ń ró, fóònù ń jáde, wọ́n ń kígbe pé "Shiva! Shiva!" Ìlú tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rèé! Mo rò pé mo ti tẹ ohun mímọ́ mọ́lẹ̀ ni, mo yáa wo abẹ́ bàtà mi. Kò sí nǹkan kan.

Mo fẹ́ ju ṣéènì nù, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fà mí wọlé, wọ́n gbé tíì fún mi, ọwọ́ mi sì dúdú débi pé ọmọ tó ń pín tíì ló ń gbé ife sí mi lẹ́nu. "Anna, dialogue!" Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní anna níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ lè bí mi lọ́mọ. Wọ́n fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí òṣèré. Gbogbo Telugu tí mo ní ò sì kọjá ìkíni. Mo bá lejú koko, mo gbé ìkúùkù sókè, mo fi ohùn ńlá bi wọ́n pé, "Bagunnara?" Ìyẹn ni pé, ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá kan da tíì sára.

Kí n tó ti kẹ̀kẹ́ délé, fídíò ti ṣáájú mi dé. Onílé mi, tí gbogbo àwa ayálégbé ń pè ní Ọ́ńkù, ti dúró lẹ́nu géètì tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní kí n lọ fọ ọwọ́ kí n wá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Shiva lorúkọ fíìmù náà. Ọdún 1989 ló jáde, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbé e padà sí sinimá lóṣù yẹn gan-an. Òṣèré kan tó ń jẹ́ Nagarjuna ló ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá àwọn jàǹdùkú níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ìjà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ kan, ó fi ọwọ́ lásán já ṣéènì rẹ̀, ó sì wé e mọ́ ìkúùkù. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò tirẹ̀ ò há. Kò sì ra tòmátì.

Èmi fẹ́ràn Raghuvaran tó ṣe Bhavani, ọ̀gá àwọn jàǹdùkú. Kì í pariwo. Jàǹdùkú tí kì í pariwo máa ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ń da tábìlì rú lọ. Ọ́ńkù ò gbà, ó ní orin tí Ilaiyaraaja ṣe sínú fíìmù náà ló ń dẹ́rù bani, ó sì yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè kí n lè gbà. Aládùúgbò kanlẹ̀kùn. Mo rò pé ó fẹ́ bá wa jà, àṣé àga ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ wá kan Ram Gopal Varma, olùdarí fíìmù náà. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹnjiníà ni tẹ́lẹ̀, ó bá wọn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Hyderabad, ṣùgbọ́n owó ò tó, ó wá pinnu pé òun á lọ ṣiṣẹ́ ní... Ọ́ńkù na ìka sí mi. Nàìjíríà! Mo figbe ta. Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni, Nàìjíríà tiyín. Àkókò yẹn ló wọ ilé tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní fídíò, ó bá ṣí tirẹ̀ sí Ameerpet, àdúgbò kan ní Hyderabad, ó pa ìrìn-àjò tì. Ẹ ò rí ayé? Ẹni tó fẹ́ wá jẹun lọ́dọ̀ wa yí ọkàn padà, àwa rèé tí a tò fún físà kí a lè dé ìlú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe bá mi ya fọ́tò. Kò yọ rupee kan kúrò nínú owó ṣéènì tuntun.

Fídíò yìí sì gba orí WhatsApp àwa akẹ́kọ̀ọ́ dé Ìbàdàn. Màámi pè.

"Àkànní, ta ni wọ́n ní o fẹ́ fi ṣéènì nà nílùú onílùú?"

"Ẹ má bínú mà, mi ò na ẹnikẹ́ni. Fíìmù kan ló wà tí wọ́n..."

"Fíìmù? Ṣé tíátà lo lọ kọ́ níbẹ̀ ni?"

"Rárá mà. Kẹ̀kẹ́ mi ló bàjẹ́."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn pé kì í ṣe ìwọ. Mo ní, ṣé Àkànní mi tó ń sá wọ yàrá tí wọ́n bá fẹ́ pa adìyẹ?"